Ọwọ́ Devayani àti Kóró Cheru

Bí ẹ bá dé ilé iṣẹ́ kaṣú wa ní Kollam, tí ẹ sì béèrè Devayani, kò sẹ́ni tí yóò júwe ojú rẹ̀ fún yín. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò júwe. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò láti èékánná dé ọrùn ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí awọ bàtà, ó sì lè gbé ìkòkò ẹ̀kọ ìrẹsì kúrò lórí iná láìfi àkísà dì í mú. Ẹ má rò pé mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Omana lorúkọ mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí fún ọdún mọ́kàndínlógún, ọwọ́ tèmi náà kò sì sàn ju tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ wa kò ní awo nínú. Wọ́n á yan kóró kaṣú nínú àgbá, wọ́n á dà á sílẹ̀ níwájú wa, a ó jókòó sílẹ̀, a ó máa gbé kóró lé òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa fi igi lù ú títí èèpo yóò fi là. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, ẹ wá wo kaṣú. Èkùrọ́ kì í jó ni lára. Oje tó wà nínú èèpo kaṣú ń bó ara bí omi gbígbóná. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọwọ́ rẹ̀ á lé ròrò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, á bó lóṣù kejì, eérú la sì fi ń pa á. Tó bá di bí ọdún kẹta, awọ ọwọ́ ti kú, oje kò rí nǹkan jẹ níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ yẹn làwa obìnrin máa ń kí ẹni náà kú oríire, pé ó ti di ọmọ iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, rédíò tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà ń sọ̀rọ̀. Dókítà kan ní ohun kan wà nínú ọmọ kaṣú àti irú àwọn kóró bẹ́ẹ̀ tó máa ń mú kí wíwú inú ara rọlẹ̀, pé ó dáa fún ẹni tí oríkèé ń ro. Kanakamma, tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì wú bí orí àgbọn, gbé igi sílẹ̀, ó ní kí ẹnì kan lọ sọ fún ọ̀gá pé dókítà ti kọ kaṣú fún òun. A rẹ́rìn-ín títí a fi fọ́ ọmọ kaṣú mélòó kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n tú ara wa wò lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́, wọ́n ní ká tú irun, ká gbọn aṣọ, kí ẹyọ kan má bàa tẹ̀ lé wa délé. Àwa la ń pa á, àwọn ẹlòmíì ló ń jẹ ẹ́.

Ọmọ ọdún méjìlá ni Devayani nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Bàbá rẹ̀ já bọ́ lórí igi àgbọn, ìyá rẹ̀ kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó wá ku òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Vilasini, tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Nídìí iná tí wọ́n fi sun òkú ìyá wọn, ó búra pé ọwọ́ Vilasini kò ní kan kaṣú láéláé. Èmi ò tíì rí ẹni tó mú ìbúra ṣẹ tó báyẹn. Kò jẹ́ kí ọmọ náà gbé oúnjẹ wá fún òun lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Bó bá délé, á fi kẹrosíìnì àti iyanrìn fọ ọwọ́, á tún fi aṣọ tó mọ́ wé ìka kó tó di irun fún un. Ọkùnrin méjì wá fẹ́ ẹ. Ìyá ti àkọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní ṣé ọwọ́ báyìí ni yóò máa po oúnjẹ ọmọ òun. Èkejì, Devayani fúnra rẹ̀ ló lé e, torí pé ọkùnrin náà kò fẹ́ kí Vilasini tẹ̀ lé wọn.

Vilasini kàwé, ó di tíṣà ní ilé ìwé kékeré kan tó wà lẹ́bàá adágún tẹ́ńpìlì. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, Devayani kì í gba ọ̀nà tààrà wá síbi iṣẹ́ mọ́. Á yà, á dúró lẹ́yìn ògiri, á máa yọjú wo fèrèsé níbi tí àbúrò rẹ̀ ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sára pátákó. Ó tìtorí rẹ̀ pẹ́ dé nígbà mélòó kan, wọ́n bú u, ó ní kí wọ́n máa bú òun lọ. Á wá jókòó, á sọ fún mi pé, “Omana, ọwọ́ rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun.” Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọlọ́run kan ni.

Nígbà tí Vilasini pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni làkúrègbé dé. Ìka rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú. Tó bá jí láàárọ̀, oríkèé ìka á wú, á pọ́n, á gbóná, kò ní lè di ẹ̀ṣẹ́, kò ní lè mú síbí. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un lóògùn, ara rọ̀ ọ́ díẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú, irun rẹ̀ ń já, ó sì fi òògùn sílẹ̀. Mo bá a wí nígbà náà. Ó ní èmi tí irun mi pé lórí, kí n máa sọ̀rọ̀.

Ẹni tó mú ara rẹ̀ yá ni Velayudhan, oníṣègùn àgbà tó ń gbé lẹ́yìn oko rọ́bà. Kóró cheru ló fi wò ó. Ẹ̀yin kò mọ cheru. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti kaṣú, àmọ́ òun ló burú jù nínú ìdílé náà. Kóró dúdú ni, ó kéré, oje rẹ̀ ni alágbàfọ̀ fi ń sàmì sí aṣọ, omi kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò títí aṣọ yóò fi gbó. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kọjá lábẹ́ igi rẹ̀ lásán, ojú wọn á wú. Velayudhan máa ń sọ pé ohun tó ń jó ni níta yìí náà, bí a bá ti tù ú lójú, ló ń pa iná tó ń jó nínú oríkèé. Kò parọ́. Fún ọdún méjì gbáko, Vilasini kọ̀wé sára pátákó láìsí ìrora.

Títù ú lójú yẹn ni iṣẹ́. Devayani máa ń lọ ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsinmi, èmi náà máa ń bá a lọ nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gé orí kóró, wọ́n á kó o sínú àpò pẹ̀lú bíríkì tí wọ́n ti gún kúnná, wọ́n á máa fi ọwọ́ ra á títí bíríkì yóò fi fa oje mu. Wọ́n á fi omi gbígbóná ṣàn án, wọ́n á da bíríkì tuntun sí i, ó tún di ọ̀la. Bí ọjọ́ méje, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sè é nínú omi àgbọn, kí wọ́n tó wá sè é nínú wàrà. Devayani bi í pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó.

Velayudhan dá a lóhùn pé, “Ọwọ́ rẹ ni yóò sọ fún ọ. Fi kóró pa ọwọ́, kí o dúró di ọjọ́ kejì. Bí ó bá yún ọ, oró ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá yún ọ, ó ti tán.”

Òun náà ń fi pa ọwọ́ ara rẹ̀ lójú wa. Ọwọ́ ọkùnrin yẹn rọ̀, ìwé nìkan ló ń ṣí, kò lu nǹkan kan rí láyé rẹ̀. A rí i. Kò sẹ́ni tó fi ọpọlọ rò ó nínú wa.

Velayudhan kú nínú oṣù kẹta, nígbà oòrùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, wọ́n wá sun òkú bàbá wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n lọ. Kó tó di ìparí oṣù kẹrin, ìka Vilasini ti ń wú padà, ó sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé ìwé fẹ́ wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà. Ọ̀gá ilé ìwé pè é, ó sọ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ tíṣà tí kò lè kọ̀wé sára pátákó, kí ni àwọn ọmọ yóò máa wò. Bí kò bá lè mú ṣọ́ọ̀kì lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, ẹlòmíì ti wà nílẹ̀ tó ń dúró. Vilasini fọwọ́ wíwú nu omijé nígbà tó ń sọ ọ́ fún wa. Devayani kò sunkún. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ igbó, ó ṣa kóró cheru kún agbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò ṣe é ní wàdùwàdù. Ó gún bíríkì gidi, bíríkì amọ̀, kì í ṣe ti sìmẹ́ǹtì. Ó ra kóró nínú àpò láàárọ̀ kó tó wá síbi iṣẹ́, ó tún ra á nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, ó fi kóró kan pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó dúró di ọjọ́ kejì. Kò yún un. Ó yà á lẹ́nu, ó tún ra á fún ọjọ́ kan sí i kó lè dá a lójú, ó tún fi pa ọwọ́. Kò yún un rárá. Ó wá sọ fún mi pé ọwọ́ òun yá ju ti Velayudhan lọ, pé ohun tí bàbá yẹn fi ọjọ́ méje ṣe, òun ti fi méjì ṣe é. Inú mi dùn sí i. Mo ní àṣé iṣẹ́ kaṣú náà wúlò fún nǹkan kan.

Vilasini ní kó jẹ́ kí òun náà fi pa ọwọ́ wò. Ìgbà tí mo lọ kí wọn nílé ló sọ ọ́, a ń jẹ ẹ̀gẹ́ bíbọ̀ àti ẹja lọ́wọ́.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo fẹ́ mu ún. Ẹ jẹ́ kí n fi kan ọwọ́ díẹ̀.”

Devayani fa àwo kóró náà sẹ́yìn. “Ọwọ́ tó ń dùn ẹ́ yìí? Kò ní kan ọwọ́ rẹ. Mi ò pa kaṣú láti ọjọ́ yìí wá kí ọwọ́ rẹ tún wá fara kan oje.”

“Ẹ ní oje rẹ̀ ti tán.”

“Ó ti tán. Jẹ ẹja rẹ.”

Ó rí i pé àbúrò òun ń ṣiyè méjì, ìyẹn ló ṣe di kóró mẹ́fà sínú aṣọ lọ́jọ́ kejì, ó gbé wọn wá síbi iṣẹ́. Ó ní ká bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, kí ojú púpọ̀ lè rí i. Ó fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwa márùn-ún tí a jọ ń jókòó lójú kan, òun ìkẹfà. A fi pa ọwọ́. Mo fi pa tèmi dáadáa, láàárín ìka, lẹ́yìn ọwọ́, bí ẹni fi ọṣẹ wẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kò yún wa. Kanakamma tilẹ̀ ní ó mú ọwọ́ òun dán. Obìnrin mẹ́fà tí a ti fi bí àádọ́jọ ọdún pa kaṣú tí a bá ṣírò gbogbo wa pọ̀, àwa la jókòó ṣe ẹlẹ́rìí pé kóró oníná kò ní iná mọ́. Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí títí orí fi fọ́ mi. Kò sẹ́ni kan nínú wa tó gbèrò ibi.

Devayani sè é nínú omi àgbọn, ó tún sè é nínú wàrà, Vilasini sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ó fi bọ́tà pa ẹnu kó tó mu ún, bí Velayudhan ti kọ́ wọn. Kóró kan lọ́jọ́ kìíní, méjì lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè. Lọ́jọ́ kẹrin, ètè rẹ̀ ń ta á, kò sọ fún ẹnì kankan. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ló tó jẹ́wọ́ fún mi. Ìdí tí kò fi sọ ni pé wíwú ìka rẹ̀ ń lọ. Lóòótọ́ ló ń lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó jí, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó tú u, ó tún dì í. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sára ògiri ilé ìdáná ní lẹ́tà ńláńlá. Devayani kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ orúkọ ara rẹ̀ bó bá rí i. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún ayọ̀. Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n bú u, ó rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń bú u.

Ọjọ́ keje ni mo dé ibẹ̀ tí mo rí ojú Vilasini. Ó ti wú, ojú rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dì, inú ẹnu rẹ̀ lé ròrò débi pé kò lè gbé itọ́ mì. Ara rẹ̀ ń yún un láti orí dé ẹsẹ̀. Ìtọ̀ tó tọ̀ láàárọ̀ dúdú bí tíì tí a kò bu wàrà sí. Devayani wò mí, ó ní cheru ló mú un.

Gbogbo ilẹ̀ wa ló mọ̀ pé bí cheru bá mú èèyàn, igi tanni ló ń tú u. Wọ́n ní ọ̀tá ni igi méjèèjì. Èèyàn á yí igi tanni ká nígbà méje, á sọ fún un pé cheru ti hùwà ìkà sí òun, kó gba òun. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ìyá mi nígbà tó gbé igi cheru rù láìmọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbà á. Mo ní ká má gbé e lọ sí ọsibítù tí wọn yóò ti máa bi wá ní ìbéèrè tí a kò ní ìdáhùn rẹ̀, ká kọ́kọ́ gbé e lọ sídìí tanni. Igi náà jìnnà, òjò ń rọ̀. Vilasini kò lè rìn mọ́, a gbé e sórí àga, èmi àti Devayani àti ọmọkùnrin aládùúgbò méjì, a fi àga yí igi ká lẹ́ẹ̀méje nínú ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ fún igi, ẹnu rẹ̀ kò lè sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a sọ ọ́. A gbé e padà sílé, a sì dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì ká wo bí yóò ṣe rí. Nígbà yẹn, kò tọ̀ mọ́ rárá.

Ní ọsibítù, wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dákẹ́. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́, àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀, kò jágbe mọ́ wa, ìyẹn sì burú ju kó jágbe lọ. Ó béèrè ẹni tó se òògùn. Devayani na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Dókítà ní kì í ṣe irọ́ ni pé ohun tó wà nínú kóró yẹn ń mú wíwú rọlẹ̀, pé àwọn tó mọ̀wé ju òun lọ ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, àmọ́ bí oje rẹ̀ kò bá tán, láti ẹnu ló ti ń jó lọ dé kíndìnrín.

Devayani ní, “Ó tán, dókítà. Mo fi pa ọwọ́ mi. Kò yún mi.”

Dókítà wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan dé ẹnu rẹ̀, àmọ́ nọ́ọ̀sì pè é láti òdìkejì. Kí dókítà tó lọ, ó bi Devayani bóyá òun nìkan ló yẹ kóró náà wò, Devayani sì dáhùn pé òun nìkan ni. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Vilasini lò níbẹ̀. Ìka rẹ̀ tọ́ títí dé òpin. Nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀, ó ń gba bírò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó ń kọ̀wé sí bébà, pé òùngbẹ ń gbẹ òun, pé kí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n òun kó lọ jẹun. Nọ́ọ̀sì ń kà á sókè fún Devayani. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò dá ló kú, ọ̀sẹ̀ kejì tí ilé ìwé ti wọlé. Nígbà tí a ń tẹ́ ẹ, mo pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ara wọn sórí àyà, wọ́n sì pàdé wọ́ọ́rọ́wọ́, ìka kan kò tàsé èkejì.

Ẹ gbọ́ ohun tó wá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí a fi ń ṣọ̀fọ̀, Devayani padà síbi iṣẹ́. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, pé ọsibítù ló pa àbúrò òun. Òògùn òun kò ṣẹ̀. Ṣebí gbogbo èèyàn ló rí i pé ìka rẹ̀ tọ́? Ṣebí ọwọ́ mẹ́fà ló yẹ̀ ẹ́ wò? Bí oró bá wà níbẹ̀, ó yẹ kí ọwọ́ kan gbọ́ ọ lára. Ó ń sọ ọ́ láìgbé ojú sókè, ó ń pa kaṣú, kò sì fọ́ ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ń gbé e dìde lórí ẹní láàárọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Kanakamma gbọ́ ọ, ó gbà á gbọ́. Orúnkún rẹ̀ ti burú débi pé fífà ló ń fà wọ inú gbọ̀ngàn iṣẹ́. Ó bẹ Devayani pé kó fún òun nínú kóró tó kù nínú ìkòkò. Devayani ní kó wá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí ilé iṣẹ́ kò ní ṣí, kó mú abọ́ wá. Ojú rẹ̀ tàn nígbà tó ń sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ikú Vilasini nìyẹn.

Ẹ̀rù bà mí. Kóró tó fún mi lọ́jọ́ tí a yẹ̀ ẹ́ wò ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo dì í mọ́ etí aṣọ, láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo sì ti ń gbé e kiri láìní ìgboyà láti tún un yẹ̀ wò. Bí dókítà ṣe wo ọwọ́ Devayani kò kúrò lójú mi. Ní ọjọ́ Ajé, mo ká apá aṣọ sókè, mo fi kóró náà pa apá mi lókè ìgbọ̀nwọ́, lápá inú, níbi tí awọ ti rọ̀, tí kaṣú kò dé rí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì rọra ṣe é. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ibẹ̀ ti lé ròrò tó ẹyin ẹyẹlé, ó pọ́n, ó ń ṣe omi, mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tètè lọ kí Kanakamma tó dé. Devayani ti gbé ìkòkò kóró sórí pèpéle. Mi ò mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí mo lè gbà sọ ọ́, mo ká apá aṣọ mi sókè.

Ó ní, “Kí lo fi ara rẹ kàn?”

Mo ní, “Kóró yín ni, Ẹ̀gbọ́n. Èyí tí ẹ fún mi níbi iṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kan péré ni mo fi pa á.”

“Kò yún ẹ nígbà yẹn. O sọ fún mi pé kò yún ẹ.”

“Ọwọ́ ni mo fi pa nígbà yẹn.”

Ó wo apá mi, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó wá na ìka rẹ̀, ó gbé e lé ojú ibi tó lé ròrò náà. Ó dùn mí wọra, mi ò fà sẹ́yìn.

“Ṣé ó gbóná ni?” Bó ṣe bi mí nìyẹn.

Mo ní ó gbóná bí iná.

Ó fi ìka síbẹ̀ títí. Ó fi ìka mìíràn síbẹ̀. Ó yí ọwọ́ padà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ òun gbóná. Ó ní, “Mi ò gbọ́ nǹkan kan lára.” Ó gbé ọwọ́ náà kúrò, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí, ó jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kanakamma ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà náà, ó fara ti òpó, ó mú abọ́ dání, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ń fi wá ṣeré pé ṣé à ń jẹ kóró òun tán kí òun tó dé ni.

Devayani kò yíjú sí i. Ó ní, “Padà sílé, Kanakamma. Èmi ni mo pa Vilasini.”

Mo fẹ́ sọ pé àwa mẹ́fà ni. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, mo rí abọ́ lọ́wọ́ Kanakamma, mo rí Devayani bó ṣe dúró láìmọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Mi ò sọ ọ́.